Ọṣẹ Tí Mulíkà Kò Fi Sí Sílíńdà Mi

Adájọ́ ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Wọ́n ní kí wọ́n fi okùn sí mi lọ́rùn títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi. Yàrá ẹ̀wọ̀n tó ní fèrèsé kékeré kan ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa wá pè mí. Ẹ má bá mi sunkún. N kò bẹ̀bẹ̀ ní kóòtù, n kò sì fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni níbí. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn kan wà níta tí wọ́n ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí.

Àáfà tó máa ń wá wàásù fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ ní kí n sọ pé Sàtánì ló tì mí. Mo ní, "Àáfà, mo ti purọ́ mọ́ ènìyàn tó láyé mi, mi ò ní purọ́ mọ́ Sàtánì kún un. Mi ò rí i ní Ìsàlẹ̀ Gángan lọ́jọ́ náà. Èmi nìkan ni mo fẹsẹ̀ mi rìn lọ ṣe é." Ó wò mí, ó ní kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo ṣe àmín, nítorí ìyẹn ni mo nílò.

Gáàsì ìdáná ni mo ń tà. Ìsàlẹ̀ Gángan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Ilé ìdáná tí sílíńdà rẹ̀ kò tíì gba ọwọ́ mi kọjá kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò yẹn. Iṣẹ́ mi mọ́. Tí mo bá ti rọ gáàsì sí sílíńdà yín tán, mo máa bu ọṣẹ tó ti hó nínú abọ́, mo máa fi pa orí rẹ̀ yípo. Tí ọṣẹ yẹn bá ń wú, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn, sílíńdà náà kò ní kúrò lọ́wọ́ mi. N kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ìyá mi ló ni ín. Gbogbo ọdún tí mo fi ta gáàsì, iná kò ṣẹ́ yọ nílé oníbàárà mi kankan. Mo mọ̀ pé ìgbéraga kò yẹ ẹni tó wà níbi tí mo wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn gbéraga.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ kéré. Pátákó dúdú kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye gáàsì sí. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra ọjà ní Àpápá, wọ́n ní owó gáàsì ti wálẹ̀. Inú mi dùn. Mo padà dé, mo mú àkísà, mo fẹ́ nu pátákó. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè ni Alága ẹgbẹ́ àwa tí a ń ta gáàsì ń kọjá lọ.

"Kí lo fẹ́ pa rẹ́ yẹn?"

"Gáàsì ti wálẹ̀, Alága."

"Ó wálẹ̀ fún ẹ. Ṣé àwọn kọ́sítọ́mà wà níbẹ̀ nígbà tó ń wálẹ̀ ni? Fi í sílẹ̀ jàre. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ká fi rí nǹkan jẹ."

Mo ti àkísà bọ àpò. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn kò parí títí wọ́n fi mú mi. Ó sì dùn, n kò ní tàn yín. Mo kun ilé, mo ra àgbò iléyá tó fi ìwo kan ògiri, wọ́n ń pè mí ní Àlájì nígbà tí n kò tíì fojú kan Mẹ́kà. Tí oníbàárà bá ní, "A gbọ́ ní rédíò pé gáàsì ti wálẹ̀," mo máa ní, "Ẹ lọ rà á lọ́wọ́ rédíò." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó. Èyí tí kò bá rẹ́rìn-ín, mo máa sọ fún un pé ọjà àtijọ́ la ṣì ń tà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gáàsì bá gbówó lórí, kí ọjà tuntun tó dé ni mo ti máa ń kọ iye tuntun lé ọjà àtijọ́ yẹn lórí.

Mulíkà ń wò mí. Ọmọ iṣẹ́ mi ni, ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní Èbúté Èrò. Lọ́jọ́ kan tó ń nu sílíńdà, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú o. Tí gáàsì bá lọ sókè, ọjọ́ náà la máa ń bá a gòkè. Tó bá wá ń sọ̀kalẹ̀, kí ló dé tí ẹsẹ̀ máa ń dùn wá?"

"Ẹnu ẹ ti ń gùn jù. Nu sílíńdà."

Ó nu ún. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, mo ṣe fríídọ̀mù fún un. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, abọ́ ọṣẹ tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní, "Ọjà rẹ á tà. Èrò á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín. Àdúrà náà gbà, mo sì kórìíra bó ṣe gbà.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ òpópónà wa, níhà Èbúté Èrò. Nígbà tí gáàsì tún wálẹ̀ ní Àpápá, mo fi pátákó mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Mulíkà nu tirẹ̀, ó kọ iye tuntun gàdàgbà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi tò láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ débi tí mo ti ń rí wọn. Mo rí ìyàwó àbúrò mi láàárín wọn, ó fi ìborùn bojú, àfi bí ẹni pé n kò dá sílíńdà ilé wa mọ̀.

Alága wá bá mi. Kò jókòó.

"Ọmọ iṣẹ́ ẹ ló ń ba ọjà jẹ́ fún gbogbo wa. Lọ bá a sọ̀rọ̀. Tó ò bá lè kápá ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tìẹ la máa tì pa, torí ìwọ lo kọ́ ọ."

Mo lọ. Mulíkà rí mi lókèèrè, ó fi àwọn èrò sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ fún mi lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mulíkà, dá iye yẹn padà síbi tó wà."

"Ọ̀gá mi, mo ń jèrè o. Wọ́n dín in fún mi, èmi náà sì dín in fún wọn."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ni?"

"Tí ẹ̀yin náà bá dín in ńkọ́, ọ̀gá mi? Tí gbogbo àdúgbò bá wà lẹ́yìn àwa méjèèjì, ta ni wọ́n máa rí tì pa?"

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ká ní ó bú mi ni, bóyá inú mi ìbá rọ̀ nígbà tó bá yá. Ọ̀nà àbáyọ ló fi hàn mí, ìtìjú kò jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi.

Sílíńdà kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti yọ kúrò nínú iṣẹ́, nítorí orí rẹ̀ máa ń jò. Mo nù ún títí ó fi ń dán, mo gbé e lọ bá Mulíkà ní ọ̀sán. Èrò ọkàn mi nìyí: ó máa rọ ọ́ kún, ó máa fi ọṣẹ pa á bí mo ṣe kọ́ ọ, ọṣẹ á wú, èmi á sì figbe ta lójú gbogbo èrò pé ọmọ yìí ti ba orí sílíńdà mi jẹ́, pé gáàsì ń jò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n á sá padà sọ́dọ̀ mi. N kò rò ó kọjá ibẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó rò pé mo wá parí ìjà ni. Ó kígbe sí àwọn èrò, "Ẹ wò ó, ọ̀gá mi ló wá ra gáàsì lọ́wọ́ mi o!" Ó rọ ọ́ kún. Ó na ọwọ́ sí abọ́ ọṣẹ, ó wò mí, ó sì fa ọwọ́ padà.

"Ṣé o ò ní fi ọṣẹ sí i ni?"

"Háà, ọ̀gá mi! Èmi, kí n máa yẹ sílíńdà yín wò lójú èrò? Ta ló kọ́ mi? Ẹ má gbé e o. Ẹ máa lọ sílé, tí mo bá ti dá àwọn yìí lóhùn tán, èmi ni mo máa gbé e wá fún yín."

Ó gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó tọ́jú rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹsẹ̀ kọ ọ́. Mo ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo fi pa á.

Mo rìn padà sí ẹnu ọ̀nà mi, mo dúró, mo ń wò. Mo ń retí kí òórùn lé èrò jáde. Òórùn kò jáde síta, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń kún sí. Ọ̀nà náà kò jìn. Fóònù wà lápò mi, nọ́mbà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mulíkà gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mo rí i. Mo mọ ohun tí mo rí, ó ju ẹnikẹ́ni ní òpópónà yẹn lọ. Mo la ẹnu, n kò sì pariwo, nítorí tí mo bá pariwo, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Iná sọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà gbàmù. Mulíkà kú. Ìyàwó ilé kan tó ń dúró de sílíńdà rẹ̀ náà kú.

Kò sẹ́ni tó fura sí mi. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, Alága dìde. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Gáàsì pọ́ọ́kú ló pa á. Fèéèkì ni. Ọmọ náà ò sì mọ iṣẹ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà yín." Gbogbo wọn mi orí. Ìyá Mulíkà wà níbẹ̀, wọ́n pè é láti bá a kẹ́dùn. Ó yíjú sí mi.

"Ọ̀gá ẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ mi ò mọ iṣẹ́?"

Mo lè fara da ohun gbogbo, n kò lè fara da ìyẹn. Mo dìde. "Irọ́ ni, Ìyá. Ó mọ iṣẹ́. Gáàsì tí gbogbo wa ń rà ní Àpápá ló ń tà. Sílíńdà tó jò, tèmi ni. Mo mọ̀ pé ó ń jò kí n tó gbé e lọ."

"Jókòó!" Alága ní. "Ìbànújẹ́ ló dà á lọ́kàn rú."

"Mi ò jókòó."

Ìyá Mulíkà dìde, ó wá dúró níwájú mi.  "Ọ̀nà ò jìn," ó ní. "Ẹ ò kàn lè pè é?"

Láti ìpàdé yẹn ni àwọn ọlọ́pàá ti mú mi lọ. 

Ní kóòtù, lọ́yà mi fẹ́ kí n pè é ní àṣìṣe. Adájọ́ bi mí bóyá mo rí onígbàjámọ̀ nígbà tó ń fa jẹnẹrétọ̀. Mo ní mo rí i. Ó parí síbẹ̀. Ikú tọ́ sí mi, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Alága ṣì ń ṣe alága. Àwọn tó ń jẹ owó tó yẹ kí wọ́n dín fún àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣì ń jẹ ẹ́, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń mú ẹni tó kọ̀ láti nu pátákó. Wọ́n lè so mí kọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé pé èmi nìkan ni.

Ìyàwó mi wá kí mi. Ó ní Ìyá Mulíkà ti tún ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀ ṣí, tí gáàsì bá wálẹ̀, á nu pátákó lójú gbogbo èrò. Alága rán sílíńdà sí i láti dán an wò. Ó fi ọṣẹ pa á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí ọjà bá wálẹ̀ fún yín, ẹ nu pátákó yín lọ́jọ́ náà, kí adùn rẹ̀ tó mọ́ yín lẹ́nu. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí kò ní bá yín dé ibi tí mo wà yìí. Tí ọ̀gá yín bá sì gbé sílíńdà wá, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ pè é ní bàbá yín. Lẹ́yìn náà ẹ dìde, kí ẹ fi ọṣẹ sí i.