Ìrẹsì Kántíìnì àti Ímeèlì Màníjà

Orí ìlà bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ tó ń lọ Àgbárá ni mo wà láàárọ̀, ní Sango, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń fo etí tèmi dá, ni mo gbọ́ bọ̀ọ̀dá ọ́fíìsì kan tó ń rojọ́ fún àǹtí ibi iṣẹ́ ẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbà mí. Mo fi àwọ̀ pín àwọn ímeèlì mi. Pupa ni 'Kíákíá', yẹ́lò ni 'Ariwo'. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ojú kọ̀ǹpútà mi sára ògiri ní mítìn-ìn àná, tí gbogbo èèyàn rí i pé yẹ́lò ni ti màníjà!"

"Yéè! Ta ló wá wà ní pupa?"

"Kántíìnì. Wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n bá sè ránṣẹ́."

"Ọmọ yìí, ikùn ẹ á pa ẹ́!"

"Kúérì ti dé o. Màníjà ní kí n wá ṣàlàyé bí ìrẹsì ṣe ju òun lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n máa lọ sílé."

Bí ìrẹsì ṣe ju òun lọ! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi gba iwájú mi.

Àǹtí ní, "Kí lo wá fẹ́ kọ?"

"Òótọ́ ni màá kọ, àǹtí. Ìrẹsì máa ń tán. Ímeèlì màníjà kì í tán."