Oògùn Apaná

Ẹ jókòó, Ẹnjiníà, àga yẹn ò ní wó, ẹ jókòó kí n sọ tẹnu mi kí ẹ tó na ìwé sí mi, nítorí mo ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo dán ọjà náà wò, pé ó yege. Ta ló ń jiyàn? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sínú yàrá ìdánwò yín, tí mò ń fi iná sí ìdí ike, tí mò ń wo aago, bí iná bá kú kí n tó ka ẹẹ́wàá, ó yege, bí kò bá kú, kí wọ́n kó o padà. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pè mí ní Ìyá Dánáwò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì o, ẹkitẹ́ńṣọ̀n o, kò sí èyí tó jáde ní géètì yín tí èmi ò kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ wò. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ti ìdánwò ni, mo dán an wò. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìwé yín ò ní àyè fún un.

Àbúrò mi, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun ló ń da oògùn apaná, èyí tí kì í jẹ́ kí ike gbiná, sínú ike nígbà tó jẹ́ pé oògùn funfun àtijọ́ la ṣì ń lò. Àpò lórí àpò. Á fi ọ̀bẹ ya ẹnu àpò, á gbé e lé èjìká, á dà á sínú ẹ̀rọ tó ń po ike, ìyẹ̀fun náà á sì bò ó láti orí dé ìpéǹpéjú, débi pé bó bá wá bá mi jẹun lọ́sàn-án, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àárọ̀ ló wọlé lọ́mọge, ọ̀sán ló jáde ní arúgbó. Ọdún mẹ́fà ló fi dà á. Lẹ́yìn náà ni ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bíi gẹ̀gẹ̀, ohùn rẹ̀ há, oyún méjì bà jẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún kan. Dókítà ní òun ò lè sọ pé oògùn yín ni, òun ò sì lè sọ pé oògùn yín kọ́. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Mo bá fà á lọ́wọ́, a lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àwa méjèèjì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní oògùn tó ń gba ilé ẹlòmíràn lọ́wọ́ iná, kò yẹ kó máa jó ẹni tó ń dà á láti inú. Ọ̀gá àgbà ní òun ti gbọ́. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n kó oògùn funfun kúrò, wọ́n kó pupa dé, wọ́n ní èyí ò léwu fún ẹnikẹ́ni, wọ́n tiẹ̀ lẹ àwòrán ewé mọ́ ara páálí. Ẹ̀yin fúnra yín bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n gbé àbúrò mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ka páálí. Inú mi dùn, Ẹnjiníà. Inú mi dùn débi pé mo mú ẹkitẹ́ńṣọ̀n kan nínú àkọ́kọ́ tó jáde, mo gbé e lọ fún Màmá wa.

Ẹ má wo aago. Iṣẹ́ ò ní sá lọ.

Ẹ̀dọ̀fóró Màmá ò dáa mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí, ó máa ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn tọ̀sán tòru, ihò iná ara ògiri sì jìnnà síbẹ̀, ohun tó jẹ́ kí wọ́n nílò ẹkitẹ́ńṣọ̀n nìyẹn. Yàrá ìsàlẹ̀ ni, balùwẹ̀ ló wà lẹ́yìn ògiri, ògiri ọ̀hún kì í gbẹ, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ yín á tutù. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé èyí ò lè jóná láé, èmi ni mo dán an wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wọn.

Ó tó oṣù méje kí n tó rí ohun tí mo rí. Mo gbàgbé àwọn ọjà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì yàrá ìdánwò, níbi tí omi ti ń ta sí wọn. Nígbà tí mo tú wọn, bàbà inú wọn ti hu àwọ̀ ewé, ó ti jẹ, àfi bí ẹni da omi bátìrì sí i. Mo gbé e wá fún yín lórí àwo. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ní oògùn pupa náà ni, pé bí ọ̀rinrin àti ooru bá pàdé lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, á máa jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀, pé ó yẹ kí àwọn tó tà á fún wa ti fi nǹkan bo hóró rẹ̀ kí omi má ráyè dé ibẹ̀, wọn ò sì bò ó. Mo bi yín pé kí ni ká ṣe. Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ẹ ní, "Ìyá Dánáwò, iná niṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí omi jẹ́ ti ẹlòmíràn." Ẹ tún ní àpò kan ṣoṣo ló bà jẹ́, ìyókù dáa.

Mo gbà yín gbọ́. Ibẹ̀ lẹ ti pa mí. Mo gbà yín gbọ́ nítorí pé mo fẹ́ gbà yín gbọ́, àbí èmi kọ́ ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kó oògùn mìíràn wá? Bí mo bá wá ní èyí náà ò dáa, èwo ni mo tún fẹ́ kí wọ́n lò? Mo délé lọ́jọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹkitẹ́ńṣọ̀n lábẹ́ ibùsùn Màmá, mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná, mo fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo mọ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Ìyẹn náà ò sí nínú ìwé yín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ yín, àbúrò mi wà nílé lọ́dọ̀ Màmá. Ẹ̀rọ dákẹ́. Fáànù ń yí lókè, iná wà, ó rò pé ẹ̀rọ ló bà jẹ́. Ó gbá a, ó tẹ bọ́tìnnì, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó pe àwọn tó ń tún un ṣe, ó gbé Màmá jókòó, ó ń fi páálí fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, ó ń pè mí, ó ń pè mí, fóònù mi sì wà nínú àpótí ẹnu ọ̀nà nítorí ẹ kì í jẹ́ ká gbé e wọlé. Ogójì ìṣẹ́jú kí ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tó dé. Ó fa okùn ẹ̀rọ yọ lára ẹkitẹ́ńṣọ̀n, ó gbé ẹ̀rọ lọ sídìí ògiri, ó ti okùn rẹ̀ bọ ihò iná. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò sí ohun tó ṣe é. Màmá ti lọ.

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bi àbúrò mi pé kí ló dé tí kò ronú kan ẹkitẹ́ńṣọ̀n. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ dán an wò." Kò tiẹ̀ bínú tó fi sọ ọ́. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

Mo tú ẹkitẹ́ńṣọ̀n náà nínú yàrá yẹn, kí wọ́n tó gbé Màmá jáde. Bàbà ti di iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ike ń dán bí ọjọ́ tí mo gbé e wálé, kò dúdú, kò yọ́, kò rùn. Kò jóná, Ẹnjiníà. A ní kò ní jóná, kò sì jóná. Ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́? Bí ilé bá jó, àwọn ará àdúgbò á rí èéfín, wọ́n á sáré wá, wọ́n á bá mi ké. Èyí tí kò jó ńkọ́? Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé yàrá wa ló lọ́rinrin jù. Nínú gbogbo àwọn tó ń ra ọjà yín, ilé ta ni kì í rin?

Kí lẹ wí? Pé ẹ ti dá oògùn pupa dúró? Mo ti gbọ́. Mo tún gbọ́ pé funfun àtijọ́ lẹ kó padà, pé pupa tí wọ́n bo hóró rẹ̀ ò tíì dé, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò dé. Ta ló wá máa dà á? Mo rí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri, pé kí ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ orúkọ, orúkọ àbúrò mi ló wà lókè pátápátá. Mo délé, mo bi í bóyá orí rẹ̀ ti dà rú. Ó ń ká aṣọ Màmá lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Èyí tó ń pa ẹni tó ń dà á, ó kéré tán, kì í pa ìyá ẹlòmíràn." Kí lẹ ní kí n fi dá a lóhùn? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Omi ti tán lẹ́yìn ẹja mi, Ẹnjiníà, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi bá yín jà. Mo máa fọwọ́ sí ìwé yín. Ẹ kọ ọ́ pé yàrá wa lọ́rinrin, ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ kọ ohun tó bá wù yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà: ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ ní ọrùn rẹ̀ ò jẹ́, ẹ ní ẹlòmíràn ti gba ipò náà, ẹ pa irọ́ tó bá tọ́ lójú yín, ẹ mọ̀ ọ́n pa.

Kí ló dé tí ẹ ń wo ilẹ̀?

Láti ọjọ́ Ajé? Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé? Ó sọ fún mi pé ibi páálí lòun ń lọ. Ó máa ń wẹ̀ kó tó wọ yàrá, á wẹ̀, á tún orí fọ̀, èmi sì rò pé ọ̀fọ̀ Màmá ni, mo ní kí n má dà á láàmú.

Ó dáa. Níbo ni mo máa fọwọ́ sí? Níbí? Ẹ gbà. Ẹ gbé ìwé yín. Ẹ máa lọ, ilẹ̀ á ṣú bá yín lọ́nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́la, ẹ fún un ní ìbòmú. Tuntun, Ẹnjiníà. Kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn ti lò, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá sórí okùn.