Wilkin Wọ Ẹ̀wù Bìlísì Mi

Àǹtí Eduvige, mo fi ojú mi méjèèjì búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó dáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ẹ ṣáà máa gbọ́.

Ara mi lẹ wọ̀n kí ẹ tó rán ẹ̀wù bìlísì yẹn, kì í ṣe ara Wilkin ọmọ yín. Èmi ni mo jókòó tì yín tí mo ń rán ṣaworo mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi bí Kànífà, àríyá eré ìbòjú tí à ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àìkú oṣù kejì, ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí gbogbo ìlú La Vega tú síta, tí mo rí Wilkin nínú rẹ̀, tó ń fi àpò ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún na àwọn èèyàn nídìí, bí àwọn bìlísì Kànífà ṣe máa ń ṣe. Ó na olùkọ́ tó lé mi kúrò nílé ìwé! Ìdí yẹn, Àǹtí, ọdún méjì ni mo ti ń dúró dè é.

Ṣé torí pé ẹ̀yin lẹ bí i ni?

Ṣebí ọ̀sẹ̀ kan náà ni ibà dẹ́ńgì, ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni, dá àwa méjèèjì dùbúlẹ̀? Abẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn kan náà la sùn sí, omi àgbọn kan náà ni ìyá àgbà ń bù fún wa. Wilkin dìde, ó gba pápá lọ, ó gbàgbé. Èmi náà dìde, dókítà ní ara mi ti dá ṣáṣá. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀fọn bá kùn létí mi, àyà mi á máa lù kì-kì-kì? Kí ló dé tí mo fi ń yẹ apá mi wò láràárọ̀ bóyá àmì pupa ti tún yọ? Wilkin ń sùn, ó ń hanrun. Oorun yẹn, mo ń jowú rẹ̀ ju ẹ̀wù náà lọ.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé ìbòjú oníwo yẹn dé mi lórí wò. Inú rẹ̀ gbóná, èémí mi ń padà bá mi lójú, òógùn bò mí, mo ní ó parí, ibà ti padà. Mo já a sọnù. Ìyá àgbà mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ibà wá, ó bá a ní ogójì, ibà ńlá gidi. Ẹ ní kí n lọ dùbúlẹ̀, ẹ sì ké sí Wilkin. Bẹ́ẹ̀ sòkòtò yẹn ò dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀! Ṣé báyìí ni bìlísì ṣe ń ṣí kókósẹ̀ sílẹ̀ kiri?

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló kù kí Kànífà parí. Ẹ gba ẹ̀wù mi fún mi. Ẹ lu ihò méjì sí ìbòjú náà nídìí imú, kí ẹ sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, ẹ kàn sọ fún mi pé ooru lásán ni.

Ibo ni mo ti parọ́? Ogójì yẹn ni. Bí ìyá àgbà ṣe yíjú, mo ti ẹ̀rọ náà bọ inú kọfí rẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibà kankan ò padà. Ó kàn rọrùn fún mi láti sọ pé ara mi gbóná ju kí n sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́.

Ẹ má sọ fún ìyá àgbà o. Ó mu kọfí náà tán, ó tún ní ó dùn.