Òjòlá Tí Mo Ní Ó Ti Kú Ṣì Wà Lábẹ́ Káúńtà Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́, tí èmi nìkan máa ń fi rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rín náà tán. Ìdí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí nìyẹn. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe ọwọ́ mi. Àṣìṣe ọwọ́ kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́.

Òkìrìkà ni mo ń tà ní Yábàá, aṣọ ibùsùn àti aṣọ ìrọ̀rí. Dèjì, ọmọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan tó háyà yàrá nínú ilé tí èmi náà ń gbé, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní aṣọ ìrọ̀rí tó nípọn lòun ń wá. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun fẹ́ fi gbé ejò. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Kò ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òjòlá kékeré kan ló ń sìn láti ìgbà tó ti wà ní girama, irú èyí tó máa ń ká jọ bí òṣùká. Àǹtí ló sọ ọ́, ó ní torí kì í kánjú.

Nígbà tó rí iṣẹ́ sí òkè òkun, ó ní kí Kúnlé gbà á. Kúnlé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Sùúrùlérè ló ń gbé. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù Kúnlé yarí pé ejò kankan ò gbọ́dọ̀ wọlé òun láìsí àpótí onígíláàsì tó ní kọ́kọ́rọ́. Ni Dèjì bá wá bẹ̀ mí.

"Mọ́mì Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ má, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí Kúnlé á fi rí àpótí."

Mo ní, "Ejò? Èmi?"

Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù má. Òun gan-an ló ń bẹ̀rù yín."

Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú.

Ó kọ́ mi. Eku funfun tí wọ́n ń sìn tà ni kí n máa fún un, kì í ṣe lójoojúmọ́. Tó bá jẹun tán, kí n má gbé e, kó má baà bì í. Tí ojú rẹ̀ bá funfun bí omi ẹ̀kọ, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kí n fi í sílẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí n má jẹ́ kí òtútù mú un, torí òtútù ló ń tètè pa á.

Mo fi í sínú ike ńlá, mo lu ihò sí ìdérí rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ káúńtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọkọ mi ti lọ, Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ti wọlé ọkọ. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹni tó máa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì ni mo ń wá. Àǹtí kì í fèsì rárá. Á wé mọ́ mi lọ́wọ́, á yọ ahọ́n bíńtín, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Sùlíà tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé fóònù ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Kúnlé já wọ ṣọ́ọ̀bù. "Mọ́mì, àpótí ti wà o!"

Àǹtí ń sùn nínú ike lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ẹnu mi ló ṣáájú mi. Mo ní, "Ó ti kú."

Ó ní kí ló pa á. Mo ní òtútù. Ó ní níbo ni mo sin ín sí. Mo mú un dé ẹ̀yìnkùlé wa, mo nawọ́ sí ibi tí ará ilé wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin ewúro sí. Ọmọ yẹn bọ́ fìlà, ó kúnlẹ̀ níwájú ewúro. Mo ní láti yíjú kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́. Àmọ́ ẹ ò rí i ni.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé tí Kúnlé bá ròyìn ikú náà fún Dèjì, Dèjì máa bi í pé kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ní ó tètè lọ gbé e ni, òtútù kì bá tí pa Àǹtí. Kúnlé náà fèsì. Ọ̀rọ̀ di ariwo, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo pàdé Kúnlé ní Ojúẹlẹ́gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárín èrò.

"Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ Dèjì. Ó ti dé, ó fẹ́ gbéyàwó, ó ní òun ò fẹ́ rí mi níbẹ̀. Ó ní èmi ni mo pa Àǹtí."

Ẹ gbà mí gbọ́, mo wá ẹ̀rín, mi ò rí i. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ mi!

Ọjọ́ kejì ni Dèjì pè mí. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ó ní èmi ni màá jókòó ní ipò ìyá òun lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá wo? Ìyá tó gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé òun fẹ́ràn ejò?

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó wù mí kí n dá Àǹtí padà. Kò wù mí. Ó sanra lọ́wọ́ mi, ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n mo ti pe àwọn méjèèjì sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé, ní wákàtí kan náà, mi ò sì sọ fún èyíkéyìí pé ẹnì kejì ń bọ̀. Màá kúnlẹ̀ fún wọn, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, màá ní èmi ni. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé Àǹtí lọ, kí wọ́n jọ gbé e. Mi ò ní gbé e lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ẹ̀tàn ni mo tún fi pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀, àbí kí n tètè sọ òótọ́ fún wọn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé. Wọ́n lè má dárí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá ti lè jọ pawọ́ pọ̀ bú mi, ìyẹn gan-an ti tó mi.