Páìpù Tó Wà Lábẹ́ Kòkó Ọlátúnjí

Ẹ̀yin ará Ìkòrò, ẹ̀yin ìjọ tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Nathaniel kí àyà mi tí dókítà ní ó ti rẹ̀ yìí tó dákẹ́. Kò sí níkẹ́ẹ̀lì, irin olówó ńlá tí wọ́n ń wá, lábẹ́ oko Ọlátúnjí. Mo sì ti mọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó gbà mí ń wá òkúta tí níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti tẹ́ wáyà yí ilẹ̀ ká, kí n rán iná sí i, kí n pa á lójijì, kí n wá fi ẹ̀rọ gbọ́ bóyá ohun kan ń dáhùn nísàlẹ̀. Òkúta lásán kì í dáhùn, irin ló ń dáhùn. A ti rìn láti Arámọkọ dé Ìpótì, ilẹ̀ ò wí nǹkan kan, wọ́n sì ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìgbà náà la dé oko kòkó Ọlátúnjí, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ bá ké. Inú mi dùn débi pé n kò dúró tún un wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo gbé ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fi ìṣúra ìlú wa hàn mí. Ta ló ní kí n la ẹnu? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí mo dúró sí láàárín kòkó, mo rántí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ri páìpù omi onírin mọ́ ilẹ̀ yẹn dé títì. Èmi ni mo ń bu omi mímu fún wọn. Omi ò gba inú rẹ̀ rí, nítorí náà ìlú gbàgbé rẹ̀. Ọlátúnjí ò lè mọ̀, Kàdúná ló dàgbà sí; ìgbà tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ló tó padà wá tọ́jú kòkó baba rẹ̀. Páìpù yẹn ló dá mi lóhùn.

Ẹ̀bùnolúwa, ọ̀gá wa, ọmọ tí mo lè bí, bi mí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí irin kankan tí wọ́n rì mọ́bí?" Mo ní kò sí. "Ṣé ẹ ti tẹ́ wáyà míì gba apá títì?" Mo ní mo ti tẹ́ ẹ. Irọ́ burúkú! Ká ní mo tẹ́ ẹ ni, ohùn yẹn ì bá tọ páìpù dé títì, gbogbo wa ì bá sì mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ padà dúró níwájú ìjọ?

Èyí tó burú jù ni ọjọ́ tí wọ́n wá gé igi kí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè ráyè wọlé. Ọlátúnjí fọwọ́ ti kòkó kan, ó ní, "Nathaniel, ìwọ ni mo mọ̀, n kò mọ àwọn yìí. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e?" N kò lè wojú rẹ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n gé e." Òun fúnra rẹ̀ ló gé àkọ́kọ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ títí, òkúta lásán ló ń jáde, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ wà ní Kánádà. Rédíò ni mo ń tàn kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn. Ọlátúnjí nìkan ló ń wá, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú iṣu tó gbìn síbi tí kòkó wà tẹ́lẹ̀. "O kú ulé o! Uṣu rèé." Á tún máa tù mí nínú: "Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́. Ilẹ̀ ló tàn ọ́." Mo ń jẹ iṣu náà, ojú ń tì mí. Bó bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò kanlẹ̀kùn mi mọ́. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́nu mọ́ ju ìtìjú lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ kiri, ẹ tún un wò kí ẹ tó dúpẹ́. Bí ẹ bá sì ti dúpẹ́ tán, ẹ padà lọ sọ níbẹ̀ pé ẹ ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa kọ́kọ́ ka ìwé yìí fún Ọlátúnjí, kó tó gbé iṣu kalẹ̀, kó lè gbé e padà bó bá fẹ́.