Ẹ̀jẹ̀ Pupa Inú Géèmù

Ní ilé ìwòsàn kan ní Mákun, níbi tí a jókòó sí láti yẹ ojú wò, àwọn ọkùnrin méjì tí irùngbọ̀n wọn ti ń funfun ń jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí géèmù ìjà kan tí wọ́n gbá nígbà èwe, oníkálukú lórí irú ẹ̀rọ tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti èkejì.

"Orin tiwa ló dùn jù," ni èyí tó dé fìlà wí.

"Kí lèèyàn fẹ́ fi orin ṣe? Tí wọ́n bá lu èèyàn ní tiwa, ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń jáde. Ní tiyín, òógùn ni."

Onífìlà bi í pé, "Ṣebí tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun lẹ ní nílé yín?"

Èkejì dáhùn pé, "Òun ni."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ó pupa?"

"Mo rí i lára páálí géèmù náà."

"Tẹlifíṣọ̀n tiwa ní àwọ̀. Kí ló dé tí o ò gbé géèmù rẹ wá sílé wa?"

"Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa nà mí nínú géèmù náà. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ojoojúmọ́ ló ń nà mí."

Nọ́ọ̀sì pe èkejì yìí. Ó dìde, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín wọlé.