Ìran Tí Mo Rí Nítorí Ilé Tí Kò Tíì Parí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ mọ̀ pé n kì í sáábà dìde sọ̀rọ̀ nínú ìjọ. Èmi Jeremáyà tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ yàrá ìkẹ́rù-sí ní ilé ìwòsàn ìjọba, n kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ títí n ó fi fojú ara mi rí i. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi mu oògùn náà ní àmujù.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé mo ta ilé mi tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Gòkè tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná ló rà á, òun àti Mojí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n sanwó pé, a sì tọwọ́ bọ̀wé. Àdéhùn wa ni pé bí kọngílá bá ti parí ilé kékeré tó ń bá mi kọ́ lọ́nà oko, èmi ó kó jáde, àwọn ó kó wọlé. Oṣù mẹ́ta ni kọngílá dá.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan. Bánjọ ni wọ́n ń pe kọngílá yìí. Ìgbàkigbà tí mo bá bi í, á ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Lónìí, òjò ba búlọ́ọ̀kù jẹ́. Lọ́la, káfíńtà lọ sìnkú ní ìlú rẹ̀. Lọ́túnla, páànù kò tíì dé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo fura sí Bánjọ pé símẹ́ńtì mi ló fi ń kọ́lé ẹlòmíràn. Mo fura sí àwọn bíríkìlà. Mo fura sí ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn tó jókòó síbẹ̀ yẹn, nítorí pé ó bu omi fún Bánjọ mu, ó sì pè é ní ọmọ mi. Mo tilẹ̀ lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi kajú kan, mo ń wo ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí ológbò ṣe ń wo eku.

Ní gbogbo àkókò yẹn, onílé tí Gòkè àti Mojí háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ti lé wọn jáde. Inú ṣọ́ọ̀bù Gòkè ni wọ́n ń sùn, láàárín okùn wáyà, Mojí sì lóyún. Bí Gòkè bá wá kí mi, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ńkọ́?"

Èmi á ní, "Kọngílá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ní ọjọ́rú kan, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán tí a gbà nínú ilé yìí, mo délé, mo tún kúnlẹ̀ ti àga. Mo ní kí Ọlọ́run tú àṣírí ọ̀tá tó di ilé mi mú. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni oorun gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun. Ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ."

Mo ní, "Ta ló rán yín?"

"Ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tán."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀. Mo bi í ní orúkọ. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ, ẹsẹ̀ mi sì ń tẹ̀ lé e láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

A dé ibì kan tí ooru rẹ̀ ń bó ènìyàn lára. Mo rí àwọn kan tí wọ́n so okùn mọ́ ní ìbàdí, okùn kan ń fà wọ́n sí ìlà-oòrùn, èkejì ń fà wọ́n sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń ké. Amọ̀nà mi ní, "Àwọn yìí ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn méjì." Mo rí ọkùnrin kan tó gbá òkúta gbígbóná mọ́ àyà bí ẹni gbá olólùfẹ́ mọ́ra, kò sì lè jù ú sílẹ̀. Amọ̀nà ní, "Ìyàwó rẹ̀ ló ru iyanrìn tí ilé fi dúró. Àlè ló kó wọ inú rẹ̀." Mo rí àwọn alágbára tó wó ilé opó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri tó ń dà lọ lé wọn lórí, ògiri kò wó, kò sì dúró, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú.

Ẹ̀yin ará, kí n má purọ́ fún yín, àánú wọn kọ́ ló ṣe mí. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta lò ń wá?"

"Kọngílá mi. Ibo lẹ fi í sí?"

"Kò sí níbí."

Mo ní, "Àbí ó ti fún yín ní nǹkan?"

Ó wò mí. Ìwò yẹn nìkan tó láti jẹ mí níyà. Kò bínú, ó ṣáà fọwọ́ tọ́ka síwájú.

Ilẹ̀kùn ńlá kan ló wà níbẹ̀, títì pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró níwájú rẹ̀, ẹrù lórí, oòrùn ń pa wọ́n, ọrùn wọn ti wọlé sáàárín èjìká, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, ohùn kan sì ń dáhùn látinú ilé wá pé, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!" Bí ohùn náà bá ti dún, wọn á pariwo bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Mo ń wò, mo ń wò, mo rí àyè kan tó ṣófo láàárín wọn, mo rí ẹrù kan nílẹ̀ níbẹ̀, àpótí irin ni, kúbùsù aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ará, àpótí mi ni, kúbùsù mi ni, ó ń sún bọ̀ lọ́dọ̀ mi fúnra rẹ̀, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ kò gbé, mo kígbe pé, "Kí ni mo ṣe? Èmi ni wọ́n ń dá dúró!"

Amọ̀nà ní, "Kọ́kọ́rọ́ wo ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti pé oṣù méjì tí Bánjọ ti mú kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun wá fún mi. Ó ti kan páànù, ó ti so ilẹ̀kùn, ọ̀dà àti ọgbà ló kù. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo fi ọjọ́ yín ṣòfò. Ẹ máa kó wọlé, n ó kùn ún tán." Mo rò ó pé bí mo bá kó wọlé, yóò sá lọ láì parí iṣẹ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, n kò sọ fún ìyàwó mi. Gòkè ń wá, mo sì ń sọ fún un pé ilé kò tíì parí.

 Amọ̀nà mú mi gba ọ̀nà òkè kan lọ, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ níbẹ̀. Mo rí àwọn ilé tó ń dán, àwọn onílé jókòó síwájú wọn, ara tù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti kú, Àbígẹ́lì, wà láàárín wọn. Yàrá kan péré tó háyà ló gbé títí ó fi kú. Ó na ẹsẹ̀ síwájú ilé tirẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wọlé sinmi."

Ó ní, "Jeremáyà, mò ń gbọ́ ẹkún aboyún kan lẹ́yìn rẹ. Padà."

Ni mo bá jí. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ìyá Tóyìn ló ń mì mí léjìká. Mo fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi.

"Oṣù méjì, Baba Tóyìn? Ẹ sì ń wò mí bí ẹni tó ń jà yín lólè?"

 Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti kó jáde. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mojí wà lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo lè bí, mo ní, "Gòkè, mo purọ́ fún yín. Ẹ wá gba ilé yín."

Ó dúró bo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ tún fẹ́ kí a fọwọ́ sí, Bàbá?"

Ó lọ pe aládùúgbò méjì wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní kí èmi kọ́kọ́ wọ ilé kí àwọn tó wọ̀ ọ́. Ó yẹ ẹ̀yìn gbogbo ilẹ̀kùn wò. Ojú mi ló ṣe tú àgádágodo, tó fi tuntun sí i. N kò lè bínú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Mojí bí obìnrin nínú yàrá iwájú, àtìyá àtọmọ sì wà láàyè. Wọ́n pe Ìyá Tóyìn síbi ìkómọ. Wọn kò pè mí.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ọ̀tá tí mo gbàdúrà lòdì sí, èmi fúnra mi ni. Bí ẹnì kan bá wà níta tó ń dúró dè ọ́ nítorí irọ́ tí o pa, lọ bá a. Má ṣe dúró di ìgbà tí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ parí ìsìn. Dìde nísinsìnyí, Ọlọ́run kò ní bínú sí ọ.